Ẹrù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wọ̀n, Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Mọ́tò

Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé tó fẹ́ fi mọ́tò ara wọn kó ẹrù dé pápákọ̀ òfurufú. Àwọn kan ń béèrè nípa àpótí, àwọn mìíràn nípa táyà. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ohun tó wà nínú àpótí ló ń pinnu bí ẹ ó ṣe to búùtù, iye afẹ́fẹ́ tí táyà ń fẹ́, àti aago tí ẹ ó kúrò nílé. Ìdí nìyẹn tí a fi mú ti ẹrù ṣáájú.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún ni a ń lọ: èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta. Olúkúlùkù wa ní ẹ̀tọ́ sí àpótí kílò 23 kan àti báàgì ọwọ́ kan. Mọ́tò wa jẹ́ kékeré oníjòkòó márùn-ún. Ṣé yóò gbé gbogbo wa pọ̀? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

Ìdáhùn: Ìyá wa, ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀kan tí ẹ bi wá yìí: ti àyè àti ti ìwúwo. Ti àyè nìkan làwọn èèyàn máa ń rò. Bí ilẹ̀kùn búùtù bá ti lè pa dé, wọ́n gbà pé ó ti bùṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò àyè ná. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń gba àpótí tí gígùn, ìbú àti nínípọn rẹ̀ kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ lápapọ̀. Àpótí tó jẹ́ 76 ní gígùn, 51 ní ìbú, 31 ní nínípọn, ń gba nǹkan bí lítà 120. Márùn-ún irú rẹ̀ di lítà 600. Búùtù mọ́tò kékeré sábà máa ń wà láàárín lítà 350 sí 450, kò sì rí gbọọrọ bí yàrá: ibi tí táyà ẹ̀yìn wà yọ gọngọ sínú rẹ̀, irin ilẹ̀kùn náà sì ń wọlé sílẹ̀ nígbà tí a bá ń pa á dé. Méjì yóò wọlé, ẹ̀kẹta yóò ba yín jà, ẹ̀kẹrin kò sí níbẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ tó ká aṣọ kankan, ẹ gbé àwọn àpótí náà wọ búùtù lófìfo. Àyè kan náà ni àpótí òfìfo àti èyí tó kún ń gbà. Ẹ dán an wò ní ìdúró, ẹ dá a dùbúlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí ètò tó bá a mu, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí yóò rántí rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò. Bí ó bá jẹ́ méjì péré ló wọlé, ẹ fi báàgì aláṣọ rírọ̀ rọ́pò àpótí líle tó ṣẹ́kù. Báàgì rírọ̀ ń tẹ̀ wọ kọ̀rọ̀ tí àpótí líle kò lè dé.

Ó wá ku ìwúwo. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn náà ń pa mọ́. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, àkọlé kan wà níbẹ̀ tó ń sọ iye kílò tí èèyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ jù lọ lápapọ̀. Bí kò bá sí, ẹ mú ìwé mọ́tò, ẹ wo ìwọ̀n tó ga jù tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ yọ ìwọ̀n mọ́tò lásán kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o: nínú àwọn ìwé kan, wọ́n ti ka awakọ̀ kílò 75 mọ́ ìwọ̀n mọ́tò lásán, nítorí náà ẹ má kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ká ní àgbà méjì jẹ́ kílò 150, kí àwọn ọmọ jẹ́ 45, 35 àti 25. Ìyẹn jẹ́ 255. Àpótí márùn-ún tó kún jẹ́ 115. Báàgì ọwọ́ márùn-ún, méje-méje kílò, jẹ́ 35. Gbogbo rẹ̀ di 405, a ò sì tíì ka àga ọmọdé, omi mímu àti irinṣẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré ni ààlà wọn kò ju kílò 400 sí 450 lọ. Ẹ ti dé etí bèbè nìyẹn.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín àpótí méjì. Aṣọ ọmọdé kì í kún kílò 23 bí kì í bá ṣe pé àgbà fi ẹrù tirẹ̀ kún un. Bí ẹ bá fẹ́ kó márààrún lọ dandan, kí mọ́tò kejì gbé àpótí, tàbí kí ẹnìkan kọ́kọ́ gbé ẹrù lọ kó tó padà wá gbé èèyàn. Ẹ má gbé àpótí lé ẹsẹ̀ ọmọ, ẹ má sì tò ó dí gíláàsì ẹ̀yìn.

Ìbéèrè: Mo wọn àpótí mi nílé, ó jẹ́ 22. Nígbà tí mo dé káúńtà, òṣùwọ̀n wọn ní 24 ni. Ta ló ń purọ́? — Olùkàwé tó sanwó ẹrù

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ ibi tí ẹ gbé òṣùwọ̀n lé. Bí òṣùwọ̀n ilé bá wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, iye tó máa mú wá kì í péye. Ilẹ̀ líle tó tẹ́jú ni kí ẹ gbé e sí. Kí ẹ̀yin nìkan kọ́kọ́ gun orí rẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé àpótí mọ́ra, ẹ tún gùn ún. Kí ẹ yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì. Ọ̀nà yìí dára ju gbígbé àpótí lé òṣùwọ̀n lọ, torí pé àpótí ńlá máa ń bo ojú rẹ̀, ó sì lè fara ti ilẹ̀ tàbí ògiri láìmọ̀. Òṣùwọ̀n alákọ̀ọ́ tí a fi ń gbé àpótí sókè náà dára, bí bátìrì rẹ̀ kò bá tíì rẹ̀. Ẹ fi nǹkan tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán an wò: omi lítà márùn-ún jẹ́ kílò márùn-ún, yàtọ̀ sí ike rẹ̀.

Ẹ máa dúró sí 22, kí kílò kan ṣẹ́kù. Ẹrù tí a jù sínú àpótí lẹ́yìn tí a ti wọ̀n ọ́n tán, ìyẹn bàtà tí a gbàgbé àti aṣọ òtútù, ló sábà máa ń mú kí iye náà fò sókè. Bí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bá tilẹ̀ gbà yín láàyè láti sanwó àfikún, ọ̀pọ̀ wọn kì í gba àpótí kan ṣoṣo tó bá ju kílò 32 lọ, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ gbé e. Àpótí kan tó jẹ́ 35 lè di èyí tí ẹ ó pín sí méjì lójú gbogbo èèyàn.

Ohun tó wúwo jù ni kí ó wà nísàlẹ̀, ní ìhà tí táyà àpótí wà. Bí ó bá wà lókè, àpótí yóò máa ṣubú síwájú, ọwọ́ tí a fi ń fà á yóò sì tètè ṣẹ́. Kí ìwé kan tó ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ibi tí ẹ ń lọ wà nínú àpótí, yàtọ̀ sí èyí tó so mọ́ ìta rẹ̀, torí èyí tó wà níta lè já. Ẹ ya gbogbo àkọlé ìrìn àjò tẹ́lẹ̀ kúrò, títí kan àwọn wẹ́wẹ́ onílà dúdú tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ya ẹrù sọ́tọ̀ máa ń ka ilà wọ̀nyẹn. Bí ó bá ka ti àtijọ́, ẹrù yín lè lọ síbi tí ẹ ò lọ.

Ìbéèrè: Kí ni n kò gbọdọ̀ fi sínú àpótí tí yóò lọ sí ìsàlẹ̀ bàálù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. — Arìnrìn-àjò àkọ́kọ́

Ìdáhùn: Power bank ló ṣáájú gbogbo wọn. Báàgì ọwọ́ ni ààyè rẹ̀, òun àti bátìrì lithium yòówù tí kò sí nínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Bátìrì yìí lè gbóná di iná fúnra rẹ̀ bí wáyà inú rẹ̀ bá kanra tàbí bí ohun líle bá tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín lókè, àwọn òṣìṣẹ́ bàálù yóò rí i, wọn yóò fi omi tù ú. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ láàárín àpótí nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tètè mọ̀. Àpótí ìgbàlódé tó ní bátìrì nínú náà wà lábẹ́ òfin yìí: bí bátìrì rẹ̀ kò bá ṣeé yọ, wọ́n lè má gbà á.

Ààlà rẹ̀ jẹ́ 100 Wh (watt-wákàtí, ìwọ̀n agbára tí bátìrì lè gbà pamọ́) láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti 100 sí 160 Wh, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ fún ẹnìkan. Ohun tó bá ju 160 lọ kò bá èrò wọ bàálù. Bí mAh, òṣùwọ̀n bátìrì mìíràn, nìkan ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7, kí ẹ fi 1,000 pín in. Èyí tó jẹ́ 20,000 mAh di 74 Wh, kò burú. Èyí tó jẹ́ 30,000 di 111, ó ti kọjá ààlà. Èyí tí kò ní àkọlé kankan, ẹ fi í sílẹ̀ nílé, torí ó rọrùn fún ẹni tó ń yẹ ẹrù wò láti gbẹ́sẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tiyín sì lè ní òfin tó le ju èyí lọ lórí iye power bank àti lílò rẹ̀ nínú bàálù, ẹ kà á kí ẹ tó dìrù.

Ẹ má fi ìwé ìrìnnà, oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, owó, ohun ọ̀ṣọ́ tàbí kọ́kọ́rọ́ ilé sínú àpótí ńlá. Kí oògùn wà nínú ike tó ní àkọlé rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà, kí ó sì tó lò fún ọjọ́ mélòó kan ju ìrìn àjò lọ, bóyá ẹrù yóò pẹ́ dé.

Nípa ohun olómi nínú báàgì ọwọ́, òfin tó gbòde láti ọdún 2006 ni pé kí ike kọ̀ọ̀kan má ju mílílítà 100 lọ, kí gbogbo wọn sì wà nínú ọ̀rá onísíìpù tó ṣeé rí inú rẹ̀, tó jẹ́ lítà kan. Àwọn pápákọ̀ kan tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò tuntun ti ń dẹ òfin yìí, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, torí pápákọ̀ tí ẹ ó ti padà bọ̀ lè máà tíì dẹ ẹ́. Ohun tó ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ ni pé ìwọ̀n ike ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ohun tó kù nínú rẹ̀. Ike ìpara mílílítà 200 tó kù díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ yóò ṣòfò síbẹ̀. Oògùn olómi àti wàrà ọmọ ọwọ́ lè ju 100 lọ, àmọ́ ẹ yọ wọ́n síta, ẹ sì sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín.

Ohun kan kù tí àwọn èèyàn kì í fi sọ́kàn. Bí bàálù bá kún, wọ́n lè gba báàgì ọwọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n sọ ọ́ sísàlẹ̀. Kí power bank, oògùn àti ìwé ìrìnnà wà nínú àpò kékeré kan láàárín báàgì yẹn, kí ẹ lè fà á yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: Fọkanáísà wa ní 32 psi (òṣùwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́) lòun máa ń fi sí táyà gbogbo mọ́tò, ẹrù wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹnìkan tún ní kí n lo nọ́ńbà tó wà lára táyà. Èwo ni kí n gbà? — Awakọ̀ ìdílé

Ìdáhùn: Nínú méjèèjì, ẹ má gba ọ̀kankan. Nọ́ńbà tó wà lára táyà ni ibi tí táyà fúnra rẹ̀ lè fara dà á dé, ẹni tó ṣe táyà kò sì mọ mọ́tò tí ẹ ó fi sí. Nọ́ńbà tiyín wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí lẹ́yìn ìdérí epo. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, ìlà méjì ni: ọ̀kan fún èèyàn díẹ̀, ọ̀kan fún mọ́tò tó kún. Iyàtọ̀ àárín wọn máa ń pọ̀ jù ní táyà ẹ̀yìn, torí orí rẹ̀ ni búùtù jókòó lé. Mọ́tò tó ń fẹ́ 32 lẹ́yìn nígbà tó bá ṣófo lè fẹ́ 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá kún.

Bí afẹ́fẹ́ bá kéré lábẹ́ ẹrù ńlá, ẹ̀gbẹ́ táyà yóò máa tẹ̀, yóò máa nà, ìgbà gbogbo tó bá yí. Títẹ̀ yìí ló ń mú un gbóná, ooru ló sì ń mú kí táyà bẹ́ lórí eré. Òjò tàbí kòtò kọ́ ló fa ọ̀pọ̀ táyà tó ń bẹ́ lójú ọ̀nà gígùn.

Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí táyà tutù: lẹ́yìn tí mọ́tò ti dúró fún wákàtí mẹ́ta, tàbí tí kò tíì rìn ju kìlómítà méjì lọ. Lẹ́yìn ìrìn, gáàjì lè fi 4 sí 6 psi sókè ju tòótọ́ lọ. Ẹni tó bá dín afẹ́fẹ́ táyà gbígbóná kù kí ó lè bá àkọlé dọ́gba yóò bá a ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó ti rọ̀. Bí ẹ bá ti kúrò nílé kí ẹ tó rántí, ẹ fi kún un, ẹ má yọ kúrò, kí ẹ wá tún un wọ̀n nígbà tó bá tutù. Nígbà tí ẹ bá sì tú ẹrù sílẹ̀ tí mọ́tò ṣófo, ẹ dá a padà sí ìlà àkọ́kọ́.

Ní ìdúró kan náà, ẹ wo ìjìnlẹ̀ ojú táyà. Mílímítà 1.6 ni òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà, àmọ́ lójú tiwa, táyà tó bá ti dé 3 kò yẹ kó gbé ìdílé àti ẹrù gba òjò kọjá. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó wú tàbí ó ya. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019.

Táyà sípíà wá ńkọ́? Abẹ́ pákó búùtù ló wà lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, ìyẹn abẹ́ gbogbo àpótí yín. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó to ẹrù lé e. Èyí tó tín-ín-rín sábà máa ń fẹ́ 60 psi, kì í sì í kọjá kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Ẹ yọ jáàkì, sípánà táyà, àmì onígun mẹ́ta àti tọ́ọ̀ṣì jáde kúrò nísàlẹ̀, kí ẹ fi wọ́n sínú àpò kan lábẹ́ àga iwájú tàbí ní ẹ̀gbẹ́ búùtù tí ọwọ́ tètè dé. Táyà fúnra rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀, ẹ ó ṣì tú àpótí bí ó bá di dandan, àmọ́ ó kéré tán, àmì yóò ti wà lójú ọ̀nà kí títú náà tó bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì táyà bá ní kọ́kọ́rọ́ pàtàkì tirẹ̀, ẹ wá a lónìí.

Ìyókù kò gba àkókò. Ẹ wọn epo ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ ti pa á. Láàárín àmì méjèèjì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí lítà kan. Ẹ wo omi rédíétọ̀ nígbà tó tutù nìkan, torí omi tó ń hó lábẹ́ ìtẹ̀ yóò tú síni lójú bí ẹ bá ṣí i. Ẹ wo epo bírékì, wáípà àti gbogbo iná. Ẹ ra epo kún tánkì ní ìrọ̀lẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ohunkóhun bá nílò mẹkáníìkì, kí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kì í ṣe òní ká lọ lọ́la, kí mọ́tò lè rìn dáadáa lẹ́yìn àtúnṣe kí ẹ tó gbé ọmọ sínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí a ṣe to búùtù? Ọkọ mi ní kí gbogbo ohun kékeré wà lórí pẹpẹ ẹ̀yìn ìjókòó. — Ìyàwó awakọ̀

Ìdáhùn: Ẹ bá wa bẹ bàbá, kí wọ́n má ṣe é. Bí mọ́tò tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí bá dúró lójijì nínú ìkọlù, ohun tí a kò so mọ́lẹ̀ yóò fi agbára tó lé ní ìlọ́po 20 ìwọ̀n rẹ̀ kọlu ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Ike omi kílò kan lórí pẹpẹ náà yóò di 20 kílò ní ẹ̀yìn orí ọmọ.

Ẹ gbé èyí tó wúwo jù sísàlẹ̀, kí ó fara ti ẹ̀yìn ìjókòó gbágbágbá, láìsí àlàfo. Bí àlàfo bá wà, àpótí yóò kọ́kọ́ sáré kó tó kọlù ú. Èyí tó fúyẹ́ lè wà lórí, kó má ga ju orí ìjókòó ẹ̀yìn lọ. Ẹ ṣàyẹ̀wò pé ẹ̀yìn ìjókòó tó ṣeé ká ti wọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ fà á kí ẹ rí i. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jókòó lẹ́yìn, ẹ de bẹ́líìtì ibẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, torí ó ń ran ẹ̀yìn ìjókòó lọ́wọ́ láti di ẹrù mú. Báàgì ọwọ́ àti ti ìwé ìrìnnà ni kí ó gbẹ̀yìn wọlé, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ jáde.

Búùtù tó wúwo máa ń tẹ ìdí mọ́tò sílẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè, iná iwájú á sì máa bọ́ sójú àwọn tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ní bọ́tìnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdarí, tí wọ́n kọ 0 sí 3 sí. Òfo ni 0. Bí ẹrù bá ti pọ̀, ẹ yí i sókè títí iná yóò fi padà sílẹ̀.

Ìbéèrè: A fẹ́ gbé àpótí méjì sórí kárià. Ṣé okùn lásán tó? — Bàbá ìbejì

Ìdáhùn: Kò tó. Okùn tó ń nà á máa dẹ̀ bí atẹ́gùn bá ti ń gbá a. Ẹ lo bẹ́líìtì onítíìtẹ̀ méjì fún àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi wọ́n gba abẹ́ irin kárià, ẹ ká ìyókù rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà máa pariwo. Lẹ́yìn bí kìlómítà 10, ẹ dúró kí ẹ tún un fún. Àkọ́kọ́ ná, ẹ wá ìwọ̀n tí orí mọ́tò lè gbé nínú ìwé rẹ̀. Láàárín kílò 50 sí 100 ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n sì ti ka ìwọ̀n kárià fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó bá wà lórí ṣì wà nínú kílò 400 tí a ṣírò lókè yẹn. Kì í ṣe ẹ̀bùn àfikún.

Ẹ wọn gíga mọ́tò pẹ̀lú ẹrù láti ilẹ̀ dé òkè, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ síwájú awakọ̀. Ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà ní pápákọ̀ sábà máa ń ní ààlà gíga tó jẹ́ nǹkan bí mítà méjì. Ẹni tó bá gbàgbé pé ẹrù wà lórí yóò rántí nígbà tó bá gbọ́ ìró rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ wa jẹ́ ọdún méjì. Ṣé kí a gbé àga rẹ̀ lọ, àbí kí ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra títí dé pápákọ̀? — Òbí tuntun

Ìdáhùn: Ẹ gbé àga lọ. Ọwọ́ ìyá kò lè di ọmọ kílò 12 mú nínú ìkọlù, bó ti wù kí ó lágbára tó. Bí ẹnìkan yóò bá dá mọ́tò padà sílé, àga lè bá a padà. Bí ẹ bá sì nílò rẹ̀ níbi tí ẹ ń lọ, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń gbé e láìgba owó, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ó tó di ọjọ́ náà. Ẹ fi í sínú àpò, torí okùn rẹ̀ tètè ń há sára ẹ̀rọ.

Ìbéèrè: Aago mélòó ni kí a kúrò nílé? Bàálù wa yóò gbéra ní aago mẹ́wàá alẹ́. — Ìyá àgbà tó ń lọ wo ọmọ-ọmọ

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìmúra. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá. Bàálù gbéra ní 22:00. Fún ìrìn àjò sí òkè òkun, ọ̀pọ̀ káúńtà ń pa dé ní wákàtí kan ṣáájú, ìyẹn 21:00. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kì í ràn án. Wọ́n ní kí ẹ wà níbẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, 19:00. Kí ìdílé tú ẹrù, wá kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n sì dé káúńtà, ó gba ìdajì wákàtí: 18:30. Bí ọ̀nà bá jẹ́ wákàtí kan àbọ̀, ó di 17:00. Ẹ fi ìdajì àkókò ọ̀nà kún un fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tàbí táyà tó jò, ó di 16:15. Kíkó ẹrù sínú mọ́tò jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o ní 15:35.

Wákàtí kan àbọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọjọ́ àti aago kan náà. Bí ẹ bá wọn ọ̀nà náà ní àárọ̀ Sunday, kò wúlò fún ìrọ̀lẹ́ Friday. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kò sún aago káúńtà ẹrù síwájú. Bí àpótí bá wà, aago kan náà ló dè yín.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò wa yóò fi wà ní ìgbọ́kọ̀sí pápákọ̀. Nígbà tó kọjá, a bá bátìrì ní òkú. Kí la lè ṣe? — Olùkàwé

Ìdáhùn: Mọ́tò tí a pa kì í sùn tán. Aago, ẹ̀rọ ìdáàbòbò àti ohun tó ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè máa mu nǹkan bí 0.05 ampere. Ní ọjọ́ kan, ìyẹn jẹ́ 1.2 ampere-wákàtí, ní ọjọ́ 21, ó di 25. Bátìrì tuntun tó jẹ́ 60 yóò fara dà á. Èyí tó ti dàgbà, tí agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ sí 40, yóò ku 15 péré, èyí tí kò ní tó yí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n ní àárọ̀, kí ẹ tó tan mọ́tò. Volt 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.4, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2, ìdajì. Bí ó bá wà ní 12.2 lẹ́yìn ìrìn gígùn ní àná, ó ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Bí ó bá dára, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà nínú ihò ìgbanáṣiṣẹ́, ẹ rí i pé iná búùtù kú nígbà tó bá pa dé.

Ẹ lè tú orí òdì bátìrì náà, èyí tó ní àmì ìyọkúrò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ìwé mọ́tò yín, torí rédíò àwọn kan yóò béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, ìdáàbòbò olè yóò kú, bẹ́ẹ̀ ni búùtù tó ń ṣí pẹ̀lú iná kò ní ṣí mọ́. Bí ìrìn àjò bá bọ́ sí ìgbà òjò, ẹ fi mọ́tò sí P tàbí sí jíà, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, láìfa bírékì ọwọ́, torí ó lè lẹ̀ mọ́ra. Bí ibẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ̀, ẹ fà á. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà òpó tó wà nítòsí mọ́tò àti ti tíkẹ́ẹ̀tì ìgbọ́kọ̀sí, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn nínú ìdílé, nítorí fóònù tiyín lè ti kú nígbà tí ẹ bá balẹ̀.